Síìmù tí a ń yí padà láti òkèèrè fún tracker àti POS: ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà?

Ẹ̀yin ará, ẹ kúu iṣẹ́ o. Ọkọ̀ akẹ́rù 84 ni mo ní. Èkó sí Kútọnu ni ọ̀pọ̀ wọn ń rìn, àwọn mìíràn ń dé Lómè. Tracker wà nínú gbogbo wọn, síìmù kọ̀ọ̀kan nínú tracker kọ̀ọ̀kan. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá ti sọ nù lójú ọ̀nà, ọkọ̀ mi ti di àwátì nìyẹn. Bí mo bá sì fẹ́ pààrọ̀ síìmù, àfi kí n dá ọkọ̀ dúró, kí n pe riwáyà, kó tú dáṣíbọ́ọ̀dù palẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin kan wá bá mi ní ọ́fíìsì, ó ní òun ń ta síìmù tí a lè yí nẹ́tíwọ̀kì rẹ̀ padà láti orí kọ̀ǹpútà, pé mi ò ní fọwọ́ kan ọkọ̀ kankan mọ́ títí ayé. Iye tó pè lórí ẹyọ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ohun tí mò ń san báyìí. Ṣé òótọ́ ni, àbí ọgbọ́n àtigbowó tuntun ni? Ẹni tó ti lò ó ni kó dá mi lóhùn, ẹ jọ̀ọ́. Mi ò fẹ́ ti ẹni tó kàn kà á lójú fóònù.

* * *

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kúu ìnira ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀. Mo ti lò ó, ojú mi sì ti rí tó. Òótọ́ wà nínú ohun tí ọmọkùnrin yẹn sọ. "Títí ayé" tó fi kún un ni irọ́.

Ká tó dé orí owó, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè irú èyí tó ń tà. Nǹkan mẹ́ta ni àwọn ọlọ́jà wa ń pè ní eSIM, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í sì í ṣe ọmọ ìyá.

Síìmù kan wà tí wọ́n fi òjé jó mọ́ bọ́ọ̀dù ẹ̀rọ láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Kò ju mìlímítà 6 sí 5 lọ, bí èékánná ọmọdé ló rí. Pé wọ́n jó o mọ́ ibẹ̀ kò túmọ̀ sí pé a lè yí i padà. Òmíràn wà nínú wọn tó jẹ́ pé nẹ́tíwọ̀kì tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló máa bá kú.

Òmíràn ni síìmù àlejò, èyí tí ẹ máa ń bá nínú POS. Ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ti wá, lọ́pọ̀ ìgbà láti òkè òkun, ó kàn ń ṣe roaming lórí nẹ́tíwọ̀kì tó bá lágbára níbi tó wà. Ó wúlò o. Ṣùgbọ́n ẹ kò lè yí i padà sí ti ẹlòmíràn láéláé, ọ̀gá kan náà lẹ ó máa san owó fún.

Èyí tí à ń sọ gan-an ni eUICC. Ẹ fi ojú ilé oníyàrá púpọ̀ wò ó: nẹ́tíwọ̀kì kọ̀ọ̀kan ní yàrá tirẹ̀, yàrá kan ni iná sì ń tàn nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Láti òkèèrè la ti lè kó ayálégbé tuntun wọlé, ká lé ti àtijọ́ jáde, ká tan iná yàrá kan, ká pa ti èkejì. Ó lè jẹ́ èyí tí wọ́n jó mọ́ bọ́ọ̀dù, ó sì lè wà nínú ike lásán bíi nano inú fóònù yín. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní dandan ni kí ẹ kọ́kọ́ ra tracker tuntun 84, ẹ ní kó ṣe sùúrù ná.

* * *

Ẹnì kan bi mí pé báwo ni a ṣe ń fi síìmù ránṣẹ́ nínú afẹ́fẹ́, ṣé síìmù kì í ṣe nǹkan tá à ń fọwọ́ mú ni?

Ike yẹn, àpò lásán ni. Ohun tí nẹ́tíwọ̀kì ń tà fún wa ni nọ́ńbà ìdánimọ̀ oní-dígíìtì 15 tí wọ́n ń pè ní IMSI, àti kọ́kọ́rọ́ àṣírí tó ń bá a rìn. Dígíìtì mẹ́ta àkọ́kọ́ ló ń sọ ìlú rẹ̀: 621 ni Nàìjíríà, 616 ni Benin, 615 ni Tógò. Nígbà tí Giesecke & Devrient ní Munich ṣe síìmù àkọ́kọ́ ní 1991 fún nẹ́tíwọ̀kì kan ní Finland, inú ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti kọ nǹkan wọ̀nyí sínú káàdì, ó parí síbẹ̀. Ní báyìí, a lè di àṣírí yẹn pa, ká fi ránṣẹ́ gba orí dátà, kó jẹ́ pé chip tí a fi ránṣẹ́ sí nìkan ló lè tú u. Ìdì yẹn ni wọ́n ń pè ní profile. Chip fúnra rẹ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀, EID, dígíìtì 32. Ìyẹn kì í yí padà, bí ayálégbé inú rẹ̀ tilẹ̀ yí padà nígbà ọgọ́rùn-ún.

Ẹ má rò pé nítorí oní-fóònù ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀. Àwọn tó ń ṣe mọ́tò wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ké gbàjarè. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe mọ́tò ní Jámánì kò mọ̀ bóyá Spain ni èyí yóò lọ tàbí Sweden. Láti 31 oṣù kẹta 2018 sì ni ó ti di dandan ní European Union pé irú mọ́tò tuntun gbọ́dọ̀ ní eCall, èyí tó ń pe 112 fúnra rẹ̀ bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀. Síìmù gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ nìyẹn, kó sì lo iye ọdún tí mọ́tò bá lò. Ní Brazil ẹ̀wẹ̀, Anatel tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ tẹlifóònù kò gbà kí síìmù àlejò sọ ibẹ̀ di ilé. Ẹ̀rọ tó bá fẹ́ gbé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ní profile ti ibẹ̀. Ta ló máa wá ṣí mọ́tò ẹgbẹẹgbẹ̀rún ní etíkun láti ki káàdì bọ inú wọn?

* * *

"Kí ẹ̀gbọ́n ra tracker oní-síìmù méjì, kí wọ́n lọ sinmi." Ẹni mẹ́rin ló ti sọ èyí. N kò ní bá wọn jà.

Ẹni tó ní POS mẹ́rin lábẹ́ agboòrùn ní Bódìjà, kí ló fẹ́ fi síìmù olówó gọbọi ṣe? Òun fúnra rẹ̀ jókòó tì í. Bí nẹ́tíwọ̀kì yìí bá ń ṣe ségesège, yóò yọ ọ́, yóò ki òmíràn bọ̀ ọ́ kí oníbàárà tó parí ìráhùn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó bá lọ ra eUICC, owó ló fi ń ṣeré.

Ọ̀rọ̀ yí padà nígbà tí ẹ̀rọ kò bá sí lọ́dọ̀ ẹni. Ní oṣù kìíní 2025, NCC, àjọ tó ń ṣàkóso nẹ́tíwọ̀kì ní Nàìjíríà, gba àwọn nẹ́tíwọ̀kì láyè láti fi tó ìdá 50 nínú 100 kún owó wọn. Nẹ́tíwọ̀kì kan kò tíì fi kún tirẹ̀, mo bá ní kí n kó ẹ̀rọ 60 lọ síbẹ̀ kíá. Kíá kẹ̀? Ọkọ̀ kan wà ní Kánò, méjì ń dúró de ẹrù ní èbúté Lómè, dẹrẹ́bà kan sọ fún mi pé òun wà ní Ọ̀rẹ̀, èmi sì ń wò ó lójú kọ̀ǹpútà pé Ìjẹ̀bú-Òde ló wà. Ọ̀sẹ̀ méje gbáko ni mo fi lé wọn kiri. Ọjọ́ tí mo rí ìkẹyìn nínú wọn mú, nẹ́tíwọ̀kì tí mo ń sá lọ bá náà ti gbé owó tirẹ̀ sókè. Riwáyà nìkan ló jèrè lọ́dún yẹn.

Ẹ rántí pé síìmù kejì náà ń jẹun. Bí ẹ kò bá fi owó sí i, tó sùn fún oṣù mẹ́fà láìṣe nǹkan kan, nẹ́tíwọ̀kì lè tì í. Ọjọ́ tí ti àkọ́kọ́ bá kú tí ẹ ní kí èkejì dìde, ẹ ó bá a pé ó ti kú ṣáájú. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

* * *

Ó dáa. Ọ̀gbẹ́ni tó kọ ọ́ sókè pé "ẹ tẹ bọ́tìnì, ó parí", ó dájú pé kò tíì tẹ bọ́tìnì náà rí. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Ní 2023, ilé iṣẹ́ kan tó ń gbé omi inú ike kiri gbé tracker 37 fún wa. Chip gidi la fi sí wọn. Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, a ní ká kó gbogbo wọn kúrò lórí nẹ́tíwọ̀kì kan sí òmíràn. Lójú kọ̀ǹpútà, àwọ̀ ewé ni gbogbo rẹ̀: profile ti wọlé, iná ti tàn. Inú wa dùn, a ra sùyà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ Àìkú, 16 ló ń fọhùn. 21 dákẹ́ lọ gbári.

APN ló fà á. APN ni orúkọ ẹnu ọ̀nà tí dátà ń gbà jáde, nẹ́tíwọ̀kì kọ̀ọ̀kan ló sì ní tirẹ̀. Ẹni tó ṣe tracker 21 wọ̀nyẹn ti kọ APN nẹ́tíwọ̀kì àtijọ́ sínú wọn bí ẹni kọlà fún ọmọ. Wọ́n ti kó dé ilé tuntun, ilẹ̀kùn ilé àtijọ́ ni wọ́n ṣì ń kàn.

A ti gbọ́kàn lé e pé bí nǹkan bá dojú rú, chip yóò padà sí profile àtẹ̀yìnwá fúnra rẹ̀. Ìyẹn sì wà nínú ìlànà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí chip wa ń wò ni bóyá nẹ́tíwọ̀kì gba òun wọlé. Ó gbà á wọlé, sígnà kún fọ́fọ́. Pé dátà kò jáde, ìyẹn kò kàn án.

Tracker wọ̀nyẹn ń gba àṣẹ nípasẹ̀ àtẹ̀jíṣẹ́, a bá ní ká tẹ APN tuntun ránṣẹ́ sí wọn. Sí nọ́ńbà wo? Nọ́ńbà fóònù wọn ti bá profile àtijọ́ lọ! Ìwé tí nọ́ńbà tuntun wà nínú rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo ní ilé iṣẹ́ tó ta chip fún wa, ẹni náà sì wà níbi ìgbéyàwó, ó ti pa fóònù. Ọ̀sán ọjọ́ Ajé la tó rí ìwé náà gbà. Ọ̀gá olómi kò sọ̀rọ̀ líle sí wa, ó kàn bi mí pé, "Ṣé ẹ̀yin náà wà lórí nẹ́tíwọ̀kì báyìí?" Èébú tó ju èébú lọ nìyẹn.

Láti ìgbà yẹn, n kì í kó ẹ̀rọ lọ ní agbo mọ́. Ẹ̀rọ kan láti inú irú kọ̀ọ̀kan ni mo ń kọ́kọ́ gbé, ọ̀kan nígboro, ọ̀kan nínú igbó, ọ̀kan ní bodè, a ó fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Mo sì ń ka nọ́ńbà tuntun sílẹ̀ kí ọwọ́ mi tó kan bọ́tìnì kankan.

* * *

Ọ̀rọ̀ ti yà sórí olè, ẹ jẹ́ kí n dá sí i díẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2011, ìròyìn jáde láti Johannesburg pé olè ti ba iná tó ń darí ọkọ̀ jẹ́ ní ìkóríta, bíi 400, nítorí síìmù tó wà nínú wọn. Iná wọ̀nyẹn ń fi síìmù sọ fún ọ́fíìsì pé ara wọn kò yá. Olè yọ síìmù, ó fi ń pe ẹbí rẹ̀ kiri, owó ìpè sì ń já lé àwọn alábòójútó òpópónà lórí. Èyí tí wọ́n jó mọ́ bọ́ọ̀dù kò ṣe é jí báyẹn.

Tèmi kéré sí ìyẹn. Tracker kan tí kì í jẹ ju mẹ́gábáìtì díẹ̀ lọ lóṣù ló ṣàdédé jẹ gígábáìtì 11. A ṣí dáṣíbọ́ọ̀dù, kò sí síìmù níbẹ̀. Dẹrẹ́bà ti kó o sínú fóònù rẹ̀, ó ń fi dátà ilé iṣẹ́ wo bọ́ọ̀lù Yúróòpù. A kàn ní kí nẹ́tíwọ̀kì so síìmù kọ̀ọ̀kan mọ́ IMEI, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀, ìyẹn sì ṣeé ṣe fún ike lásán pàápàá, kò dìgbà tí ẹ bá ra olówó ńlá.

Jíjó mọ́ bọ́ọ̀dù ní aburú tirẹ̀, kí wọ́n má tàn yín. Ọkọ̀ tí iná rẹ̀ ń fò sókè sódò lè sun chip, bí chip bá sì jóná, gbogbo bọ́ọ̀dù lẹ ó jù nù. Fún ọkọ̀ àtijọ́ bíi ti ọ̀pọ̀ wa, eUICC inú ike ni mo fara mọ́.

* * *

Ẹni tó béèrè bóyá síìmù yìí yọ èèyàn nínú fífi NIN forúkọ sílẹ̀, ti NIN kò ní pẹ́. Rárá, yíyí síìmù padà láti òkèèrè kò yọ yín nínú ìforúkọsílẹ̀. Profile tó bá jẹ́ ti nẹ́tíwọ̀kì Nàìjíríà, òfin Nàìjíríà ló dè é. Nígbà tí wọ́n ti líìnì tí kò ní NIN pa ní oṣù kejì 2024, tracker tí mo bá pé ó kú lójijì kò ṣeé kà tán, nítorí pé ẹni tó tà á ló fi orúkọ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ forúkọ síìmù sílẹ̀, ọmọ iṣẹ́ náà sì ti lọ. Ẹ fi orúkọ ilé iṣẹ́ yín ṣe é. Bí ẹni tó ń tà á bá ní òun yóò "bá yín tọ́jú ìyẹn", ẹ dìde níbẹ̀.

* * *

Bọ̀dá kan tó wà ní Manchester ní kí n dáhùn ọ̀rọ̀ mítà iná ilé òun. Ó ní nígbà tí òun kúrò lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ kan lọ sí òmíràn ni mítà náà yadi, kò ránṣẹ́ mọ́, òun ló wá ń fi ẹnu ka nọ́ńbà fún wọn. Ó ní eSIM ì bá ti gba òun.

Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ yín yà sí. Mítà ìran àkọ́kọ́ ní Britain, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló yadi báyẹn nígbà tí onílé bá pààrọ̀ ilé iṣẹ́ iná, nítorí pé ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ètò tirẹ̀ tí wọ́n fi ń bá mítà sọ̀rọ̀. Ṣé ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ dání ni? Mò ń bọ̀ wá sórí ìyẹn.

Ọ̀nà kejì ni pé eSIM kò lè gba ẹ̀rọ tí etí rẹ̀ ti di. National Audit Office, àwọn tó ń yẹ ìnáwó ìjọba wò níbẹ̀, sọ ní 2023 pé mítà bíi mílíọ̀nù 7 ni yóò nílò ẹ̀yà ìbánisọ̀rọ̀ tuntun nítorí pé 2G àti 3G ń kógbá sílé ní Britain. 2G yóò ti lọ tán níbẹ̀ kí 2033 tó parí. Ní Amẹ́ríkà, AT&T ti pa 3G tirẹ̀ láti oṣù kejì 2022. Bí módẹ́ẹ̀mù inú ẹ̀rọ kò bá gbọ́ ju 2G lọ, ẹ kó profile nẹ́tíwọ̀kì mẹ́wàá sínú rẹ̀, 2G náà ló máa gbọ́. Ibẹ̀ ni "títí ayé" ọmọkùnrin yẹn ti já. Tracker tó pọ̀ jù lọ́jà wa, 2G ni. Kí ẹ̀gbọ́n tó ra chip olówó ńlá, kí wọ́n wo ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́ ki í bọ̀.

* * *

Mo rí i tí ẹnì kan kọ ọ́ pé kí ẹ̀gbọ́n ṣe é kí profile máa yí padà fúnra rẹ̀ bí ọkọ̀ bá ti ré Sẹ̀mẹ̀ kọjá. Ó dùn ún gbọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti dúró ní bodè yẹn rí, ẹ mọ̀ pé fóònù yín yóò ti máa kí yín káàbọ̀ sí Benin nígbà tí ẹ̀yìn yín ṣì wà ní Nàìjíríà. Ọkọ̀ akẹ́rù tó tò síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀pá nẹ́tíwọ̀kì ìlú méjèèjì ló ń gbọ́. Bí ẹ bá sọ fún chip pé kó máa yí bó bá ti rí 616, yóò máa yí lọ yí bọ̀ bí ẹni tí òòyì ń kọ́, gbogbo ìgbà tó bá sì ń yí ni ọkọ̀ fi ń pòórá fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bodè ni ibi tí ẹ kò gbọdọ̀ sọ ọkọ̀ nù jù lọ.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé kí profile méjèèjì ti wà nínú chip ṣáájú. Ọkọ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ọjọ́ méjì, ẹ jẹ́ kó máa ṣe roaming, tracker kì í jẹ dátà púpọ̀. Èyí tó ń lọ jókòó sí Kútọnu fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí tó ń pààrà Kútọnu sí Lómè, ìyẹn ni kí ẹ tan iná yàrá Benin fún, ẹ̀yin ni kí ẹ sì fọwọ́ ara yín tàn án, lẹ́yìn tó bá ti kúrò ní bodè dáadáa.

* * *

Ẹ̀gbọ́n padà wá bi mí pé: "Sọ ojú abẹ níkòó. Ṣé kí n san ìlọ́po mẹ́ta yẹn, àbí kí n má san án?"

Owó kọ́ ni mo máa kọ́kọ́ wò. Mo máa bi í pé, ọjọ́ tí mo bá fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ rẹ, ta ni yóò tú mi sílẹ̀?

Ìlànà mẹ́ta ló wà láti ọ̀dọ̀ GSMA, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì lágbàáyé. Ti àkọ́kọ́ fún ẹ̀rọ, SGP.02, jáde ní 2013. Nínú ìyẹn, server kan tí wọ́n ń pè ní SM-SR ló ń pàṣẹ fún chip, ẹni tó bá ni SM-SR ló ni yín. Kí ẹ tó lè lọ, SM-SR àtijọ́ àti tuntun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ so mọ́ra wọn, kí wọ́n jọ fọwọ́ sí i. Ẹ wo bí yóò ṣe rọrùn tó kí ọkọ àná bá ọkọ tuntun di ẹrù ìyàwó. Mo ti wà nínú irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. A kọ lẹ́tà fún oṣù mẹ́jọ, níkẹyìn a ra chip tuntun. Chip tí a rà kí a má baà tú dáṣíbọ́ọ̀dù mọ́, a tú dáṣíbọ́ọ̀dù láti yọ ọ́.

Ti 2016, SGP.22, ni èyí tó wà nínú fóònù: ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ń fi kámẹ́rà wo àwòrán QR, tí ẹ ń tẹ "bẹ́ẹ̀ ni". Tracker kò ní kámẹ́rà, kò ní ojú, kò sí ẹni tó jókòó tì í.

SGP.32 tó jáde ní 2023 ló yí eré padà fún irú wa. Ohun tó ń pàṣẹ nínú rẹ̀ ni eIM. Ẹni tó ni ẹ̀rọ lè ní eIM tirẹ̀, ó lè háyà rẹ̀, a sì lè so ju ẹyọ kan lọ mọ́ chip kan. Profile ń wá láti inú irú server kan náà tí àwọn nẹ́tíwọ̀kì fi ń ṣe eSIM fóònù. Àwọn nẹ́tíwọ̀kì wa sì ti ní ìyẹn, láti 2020 ni NCC ti gba MTN àti 9mobile láyè láti dán an wò. Àmọ́ o, pé wọ́n ní irinṣẹ́ kò túmọ̀ sí pé wọn yóò ta profile 84 fún yín ní iye tó tẹ́ yín lọ́rùn. Ìdúnàádúrà nìyẹn, ẹ̀yin ọlọ́kọ̀ ẹ sì mọ ìyẹn jù mí lọ.

Nítorí náà, ẹ bi ọmọkùnrin yẹn: SGP wo ni? Ta ló ni eIM, ṣé ẹ lè fi tiyín kún un láìtọrọ àṣẹ? Eélòó ni ẹ ó san nígbà kọ̀ọ̀kan tí profile bá wọlé? Àwọn kan ń ta chip ní pọ́ọ́kú, orí ìyípadà ni wọ́n ti ń rẹ́ni jẹ. Ẹ bi í nípa IPA pẹ̀lú. Ìyẹn ni ọmọ iṣẹ́ tó ń gba àṣẹ eIM wọlé. Ó gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀rọ tàbí nínú chip. Tracker tí ẹ rà ní 2019 kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, nítorí náà chip tó gbé IPA tirẹ̀ sínú ni kí ẹ béèrè. Kó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé àdéhùn.

Bí ìdáhùn rẹ̀ bá já gaara, ìlọ́po mẹ́ta kò pọ̀ jù fún ọkọ̀ tó ń ré bodè kọjá. Bí kò bá já gaara, ọ̀fẹ́ pàápàá wọ́n.

* * *

Ẹni tó ń bẹ̀rù olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ kò ṣi ẹ̀rù bà. Ní oṣù keje 2025, àwọn oníwádìí kan ní Poland fi hàn pé àwọn já eUICC ilé iṣẹ́ Kigen. Kigen ti dí ihò náà. Kigen ní kí wọ́n tó lè wọlé, chip gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ wọn, profile ìdánwò tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀rọ wò ni wọ́n sì gbà wọlé. Ẹ bi ẹni tó ń tà á fún yín bóyá chip rẹ̀ ti gba àtúnṣe yẹn. Bí a bá fi wàhálà yìí wé ti dẹrẹ́bà tó ń fi dátà wo bọ́ọ̀lù, lójú tèmi, dẹrẹ́bà ṣì ni ọ̀tá.

* * *

Ẹ̀gbọ́n ti mú èsì wá. Ó ní nígbà tí òun bi ọmọkùnrin náà pé ta ni yóò tú òun sílẹ̀, ó dákẹ́, ó pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá ní SGP.02 ni, SM-SR wà lókè òkun, kò tíì sí oníbàárà tó béèrè pé òun fẹ́ lọ rí. Ẹ̀gbọ́n dá a lóhùn pé òun ni àkọ́kọ́, ó sì ní kó lọ wá ti 32 wá.

Ó ti rí ẹlòmíràn báyìí. Ọkọ̀ 12 tó ń ré bodè ló fẹ́ fi dán an wò, 72 yòókù yóò ṣì máa lo síìmù ọjà. Ohun tí èmi náà ì bá ṣe nìyẹn. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mú irú tracker mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ ní sínú 12 náà, kó má jẹ́ pé tuntun nìkan lẹ ó yàn. Ẹ tẹ̀ wọ́n ní àtẹ̀jíṣẹ́ kí ẹ mọ APN tó wà nínú wọn, ẹ gba nọ́ńbà tuntun sọ́wọ́ kí wọ́n tó yí ohunkóhun.

Ẹ má sì ṣe é lálẹ́ Sátidé.